Oògùn Jẹjẹrẹ Pròsítéètì: Ìgbà Wo Ni Pípààrọ̀ Rẹ̀ Ń Ṣe Aláìsàn Lóore?

Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó ń bá ọkùnrin fínra ní Nàìjíríà, ti pròsítéètì ló gbawájú. Àjọ IARC, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, fojú bù ú pé lọ́dún 2020 nìkan, àwọn tí àìsàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lórílẹ̀-èdè wa lé ní 15,000, àwọn tó sì pa lé ní 8,000. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn dókítà ọ̀nà ìtọ̀ ti ń ké gbàjarè. Ní 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osegbe ti ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé kò sí òótọ́ nínú èrò àwọn kan pé àìsàn náà ṣọ̀wọ́n láàrin àwa ọmọ Nàìjíríà. Èyí tó tún burú jù níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ bàbá kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà títí jẹjẹrẹ náà yóò fi kúrò lójú kan, tí yóò ti wọ inú eegun ẹ̀yìn àti ti ìbàdí. Bó bá ti dé bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ abẹ tàbí ìtànṣán nìkan kò lè pa á run mọ́. Oògùn tó ń ṣẹ́ apá họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin ni a ó gbójú lé, kì í sì í ṣe fún oṣù kan tàbí méjì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni, fún àwọn mìíràn sì ni, títí ọjọ́ ayé wọn.

Ìdí nìyí tí a kò fi lè fọwọ́ rọ́ ìnira tí àwọn oògùn wọ̀nyí ń mú bá ara sẹ́yìn. Ẹni tó ń gbé Ifákọ̀ ní Èkó, tó ń gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù, lè máa ta jí lóru nínú òógùn, nínú yàrá tí iná ti lọ tí fáànù sì ti dúró. Ó lè máa rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ibùdókọ̀, kí ìfẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti kúrò lọ́kàn rẹ̀, kó má sì rí ẹni tó lè sọ fún. Lójú ọ̀pọ̀ irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀, ọ̀nà méjì péré ló wà: kí wọ́n fara dà á, tàbí kí wọ́n dákẹ́ kí wọ́n má lọ gba abẹ́rẹ́ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àgbéyẹ̀wò yìí ni pé ọ̀nà kẹta wà, ara ìtọ́jú sì ni, kì í ṣe àìgbọràn: a lè pààrọ̀ oògùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìnira ni pípààrọ̀ oògùn ń wò. Ìbéèrè kan ló gbọ́dọ̀ ṣáájú: ṣé àìsí họ́mọ́ọ̀nù ló ń fa ìnira yìí ni, àbí oògùn náà gan-an? Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa yóò mọ ìgbà tó yẹ kó pààrọ̀, ohun tó yẹ kó fi pààrọ̀, àti ìgbà tí pípààrọ̀ kò ní mú nǹkan kan wá ju ìnáwó lọ.

Ìpìlẹ̀ ìtọ́jú yìí ti wà láti 1941, nígbà tí Charles Huggins àti Clarence Hodges ní Yunifásítì Chicago fi hàn pé jẹjẹrẹ pròsítéètì tó ti tàn ká máa ń rọlẹ̀ bí a bá yọ kóró ẹpọ̀n aláìsàn tàbí tí a fún un ní họ́mọ́ọ̀nù obìnrin. Huggins gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1966. Testosterone, họ́mọ́ọ̀nù tí kóró ẹpọ̀n ń pèsè, ló ń mú jẹjẹrẹ náà dàgbà. Ní 1977, Andrew Schally àti Roger Guillemin náà gba Nobel fún iṣẹ́ wọn lórí àwọn họ́mọ́ọ̀nù tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ fún ara, ibẹ̀ sì ni àwọn abẹ́rẹ́ bíi goserelin, leuprorelin àti triptorelin ti ṣẹ̀. Wọ́n máa ń pàṣẹ fún kókó kékeré abẹ́ ọpọlọ lemọ́lemọ́ títí yóò fi sú u, tí kò ní rán kóró ẹpọ̀n níṣẹ́ mọ́. Kó tó sú u, testosterone á kọ́kọ́ ròkè fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fún ni ní oògùn oníhóró bíi bicalutamide ṣáájú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, pàápàá fún ẹni tí jẹjẹrẹ ti wọ eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Degarelix, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2008, àti relugolix, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2020, kì í mú un ròkè rárá, wọ́n ń dí ojú àṣẹ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bicalutamide àti àwọn àbúrò rẹ̀, enzalutamide, apalutamide àti darolutamide, kì í dá testosterone dúró, wọn kàn kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lára jẹjẹrẹ ni. Abiraterone ní tirẹ̀ ń dá pípèsè rẹ̀ dúró níbi gbogbo nínú ara, títí kan inú jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìnira tí àìsí testosterone ń fà. Ooru òjijì tó ń bo ojú àti àyà, ìfẹ́ ìbálòpọ̀ tó ń lọ, iṣan tó ń joro, ikùn tó ń yọ, eegun tó ń fúyẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń dín kù, ọkàn tó ń rẹ̀wẹ̀sì: inú ohun tí a ń wá fún ìwòsàn gan-an ni gbogbo wọn ti jáde. Ìwádìí tí Shahinian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005 yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ọkùnrin tó lé ní 50,000 wò ní Amẹ́ríkà. Láàrin àwọn tó lo ọdún márùn-ún ó kéré tán lẹ́yìn tí àyẹ̀wò ti fìdí àìsàn náà múlẹ̀, ìdá 19.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìtọ́jú yìí ni eegun wọn kán, ó sì jẹ́ ìdá 12.6 láàrin àwọn tí kò gbà á. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Keating àti àwọn tirẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ọkùnrin 73,196 wò. Wọ́n rí i pé àtọ̀gbẹ pọ̀ láàrin àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ ju àwọn tí kò gbà á lọ, ṣùgbọ́n ó pọ̀ bẹ́ẹ̀ náà láàrin àwọn tí wọ́n yọ kóró ẹpọ̀n wọn. Kókó ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ yẹn. Ẹni tí abẹ́rẹ́ kankan kò kàn lára, tó jẹ́ pé abẹ ni wọ́n fi ṣe é, rí irú ìnira kan náà. Nítorí náà, ẹni tí ooru ń dà láàmú nítorí goserelin, tó wá ní kí wọ́n fún òun ní triptorelin, kò tíì kúrò lójú kan.

Fún irú ìnira yìí, àfikún ìtọ́jú sábà máa ń ṣe oore ju pípààrọ̀ lọ. Ní 2010, Irani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi oògùn mẹ́ta wéra lára àwọn ọkùnrin tí ooru ń yọ lẹ́nu lórí leuprorelin: venlafaxine, medroxyprogesterone àti cyproterone. Méjì tó kẹ́yìn dín ooru náà kù ju venlafaxine lọ. Medroxyprogesterone kì í sì í ṣe àjèjì ní Èkó, àwọn obìnrin wa ti ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí láti ọjọ́ pípẹ́. Kì í ṣe oògùn tí ènìyàn ń lọ rà fúnra rẹ̀ o, nítorí irú rẹ̀ lè mú ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, ṣùgbọ́n ó yẹ kí bàbá mọ̀ pé ó wà kó lè béèrè. Ní ti àárẹ̀ àti iṣan tó ń joro, ìwádìí Segal ní Kánádà ní 2003 lórí ọkùnrin 155 fi hàn pé gbígbé ohun wíwúwo nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, lábẹ́ àbójútó, dín àárẹ̀ kù fún àwọn tó wà lórí ìtọ́jú yìí. Ti eegun ní oògùn tirẹ̀. Bí dókítà bá ti ṣe gbogbo èyí tí ìnira kò lọ, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ tó di ọ̀rọ̀ gidi.

Èyí kò sọ pé pípààrọ̀ láàrin àwọn abẹ́rẹ́ ọmọ ìyá kan náà kò lérè rárá. Èrè rẹ̀ wà níbòmíràn: nínú ìrora ojú abẹ́rẹ́, owó ọkọ̀ àti ọjọ́ iṣẹ́ tó ń ṣòfò. Goserelin kì í ṣe omi bí abẹ́rẹ́ tí a mọ̀. Hóró tín-ínrín kan ni, kò ju ìrẹsì lọ, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tó nípọn tì sábẹ́ awọ ikùn, níbi tí yóò ti máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ti 3.6 mg wà fún ọjọ́ 28, ti 10.8 mg sì wà fún ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni tó bá ti oníkékeré bọ́ sí oníńlá yóò dín ìrìn àjò rẹ̀ láti Ifákọ̀ lọ sí Ìdí-Àràbà tàbí sí LASUTH ní Ìkẹjà kù láti ìgbà mẹ́tàlá lọ́dún sí bíi mẹ́rin. Ìbùkún gidi ni èyí fún arúgbó tí eegun ẹ̀yìn ń dùn, tó gbọ́dọ̀ gba Ìkòròdú Road nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Ohun kan wà tó yẹ kí àwọn ọmọ tó ń bá bàbá wọn ra oògùn yìí mọ̀: àwọn tó ń ṣe é ní kí a má tọ́jú rẹ̀ síbi tó gbóná ju 25°C lọ, yàrá lásán ní Èkó sì máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ tó ti jókòó sínú ooru ṣọ́ọ̀bù tàbí ti ọkọ̀ lè má ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé testosterone kò sọ̀ kalẹ̀, ó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè ibi tí oògùn náà ti sùn kí a tó sọ pé kò bá aláìsàn mu.

Láti inú ẹgbẹ́ goserelin bọ́ sí degarelix tàbí relugolix ńkọ́? Ibí yìí ni àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ ti gbóná jù, nítorí ọ̀rọ̀ ọkàn ni. Ìwádìí HERO tó jáde ní 2020, tí ọkùnrin 930 kópa nínú rẹ̀, fi relugolix wé leuprorelin fún ọ̀sẹ̀ 48. Relugolix pa testosterone mọ́lẹ̀ lára ìdá 96.7 nínú ọgọ́rùn-ún, leuprorelin sì ṣe é lára ìdá 88.8. Àwọn tí àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ tàbí ikú kọlù jẹ́ ìdá 2.9 lọ́dọ̀ relugolix àti 6.2 lọ́dọ̀ èkejì. Ènìyàn a kà á, a ní ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí. Ti ọkàn kọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe HERO. Ìwádìí tó dìídì wá ọ̀rọ̀ ọkàn lọ ni PRONOUNCE, tó jáde ní 2021, tó fi degarelix wé leuprorelin lára ọkùnrin 545 tí àrùn òpó ẹ̀jẹ̀ ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn tí nǹkan ṣe jẹ́ ìdá 5.5 lọ́dọ̀ degarelix àti 4.1 lọ́dọ̀ leuprorelin, kò sì sí ìyàtọ̀ tí a lè gbára lé. Wọ́n tètè dá a dúró, àwọn tí nǹkan ṣe kò sì tó láti fi dájọ́. Bí mo ti gbé e yẹ̀ wò, ẹni tí àrùn ọkàn ti kọlù rí, tó sì lágbára àtirà á, lè bá dókítà rẹ̀ jíròrò pípààrọ̀ yìí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá ṣáṣá kò gbọ́dọ̀ ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ń ṣọ́, sìgá tí a jáwọ́ nínú rẹ̀ àti ṣúgà tí a ń yẹ̀ wò ṣe pàtàkì fún un ju orúkọ abẹ́rẹ́ lọ.

Relugolix tún ní ìwà kan tó yẹ ká fara balẹ̀ wò nílẹ̀ yìí. Oníhóró ni, a kì í gún un, bí a bá sì dá a dúró, testosterone máa ń tètè padà. Nínú HERO, láàrin ìwọ̀nba àwọn tí wọ́n tọpa wọn lẹ́yìn ìtọ́jú, testosterone ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ti padà sí ipò tó dára láàrin ọjọ́ 90, ti àwọn tó lo leuprorelin jẹ́ ìdá mẹ́ta péré. Fún ẹni tí dókítà sọ pé oṣù mẹ́fà péré ni yóò lò ó pẹ̀lú ìtànṣán, ìròyìn ayọ̀ ni, torí agbára ọkùnrin rẹ̀ yóò tètè bọ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí jẹjẹrẹ ti wọ eegun rẹ̀, tí owó oògùn rẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ ọmọ tó wà ní òkè òkun wá, ewu ni ìwà yìí kan náà. Bí owó bá pẹ́ dé, jẹjẹrẹ kò ní dúró dè é. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ ju ọjọ́ méje lọ gbọ́dọ̀ fi 360 mg bẹ̀rẹ̀ lọ́tun kó tó padà sí 120 mg ojoojúmọ́. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta kò mọ̀ bóyá owó wọlé tàbí kò wọlé, ó ti wà nínú ara. Nítorí náà, ìgbà tí abẹ́rẹ́ tó kàn bá tó gbà ló yẹ ká bọ́ sórí hóró, kí a sì ti ka oògùn oṣù bíi mélòó kan sílé ká tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tó yàtọ̀ pátápátá, tó lè yí ìnira àìsí họ́mọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ padà: họ́mọ́ọ̀nù obìnrin. Oògùn àtijọ́ ni. Stilboestrol tí wọ́n ń gbé mì kò wọ́nwó, ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún 1960 síwájú fi hàn pé 5 mg rẹ̀ lójúmọ́ ń fi àrùn ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ pa ènìyàn. Ìdí ni pé ohun tí a bá gbé mì á kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, ibẹ̀ ni yóò ti ru ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì sókè. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá béèrè pé: bí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ ara ńkọ́, kó má gba inú ẹ̀dọ̀? Ìyẹn ló bí ìwádìí PATCH. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2021 lórí ọkùnrin 1,694 fi hàn pé àrùn ọkàn kò pọ̀ lára àwọn tó lẹ oestradiol mọ́ra ju ti àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ lọ. Ooru òjijì bá ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́, ó sì bá ìdá 35 péré lára àwọn tó ń lẹ oògùn mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọmú yọ lára ìdá 86 àwọn tó ń lẹ̀ ẹ́, ó yọ lára ìdá 38 àwọn yòókù. Ẹ ò rí i pé pípààrọ̀ kì í gba ìnira kúrò lásán, ṣe ló ń fi ọ̀kan gba òmíràn. Irú rẹ̀ náà ni bicalutamide 150 mg láìsí abẹ́rẹ́: ìfẹ́ ìbálòpọ̀ àti eegun kì í bàjẹ́ tó ti abẹ́rẹ́, ọmú ló ń yọ tó sì ń dùn, kò sì tó fún ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti tàn ká. Láàrin ìlú, ọkùnrin tí ọmú rẹ̀ yọ lè má fẹ́ wọ bùbá fẹ́lẹ́ mọ́, ẹlòmíràn yóò sì ní oorun tó dáa ló ṣe pàtàkì fún òun. Aláìsàn ló ń gbé inú ara yẹn, òun ló yẹ kó yàn.

Níbi tí pípààrọ̀ ti ń ṣe oore jù ni láàrin àwọn oògùn oníhóró tuntun tí a ń fi kún abẹ́rẹ́, nítorí ìnira wọn sábà máa ń wá láti ara oògùn gan-an. Abiraterone lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, kí ó mú ẹsẹ̀ wú, kí ó sì fa potassium inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Prednisolone tí a ń lò pẹ̀lú rẹ̀ láti dènà èyí lè ru ṣúgà sókè. Fún ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ le tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, ó bọ́gbọ́n mu kí dókítà ronú sí ìdílé enzalutamide. Enzalutamide náà ń wọ inú ọpọlọ, ó lè mú àárẹ̀ tó pọ̀ wá, kí ó mú arúgbó ṣubú, àwọn díẹ̀ sì ti ní gìrì lórí rẹ̀. Darolutamide kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọpọlọ. Nínú ìwádìí ODENZA, níbi tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan ti tọ́ méjèèjì wò, ìdá 48.5 nínú ọgọ́rùn-ún yan darolutamide, ìdá 40 yan enzalutamide. Ìyàtọ̀ náà kò tó láti fi dájọ́ fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ó tó láti sọ fún ẹni tí àárẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀ pé ibòmíràn wà láti gbà. Ọ̀rọ̀ ibà tún wà, tí àwọn tó ń kọ̀wé ní òkè òkun kì í ráyè fún. Enzalutamide máa ń mú ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ àwọn oògùn mìíràn dànù, artemether àti lumefantrine tí a ń lò fún ibà sì wà lára àwọn tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń sọ di aláìlágbára. Bàbá tó ń lò ó, tó lọ ra oògùn ibà ní kẹ́mísìtì láìsọ ohun tó ń mu, lè máa fi ibà ṣeré. Ìyàtọ̀ kan tún wà tó yẹ ká mọ̀. Ẹni tó ń pààrọ̀ nítorí ìnira, tí PSA rẹ̀, àmì inú ẹ̀jẹ̀ tí dókítà fi ń tọpa jẹjẹrẹ yìí, ṣì wà nílẹ̀, kò tíì lo oògùn àkọ́kọ́ tán. Ẹni tó ń pààrọ̀ nítorí pé jẹjẹrẹ ti gbọ́n ju oògùn lọ wà nínú ọ̀ràn mìíràn, torí jẹjẹrẹ tó bá borí abiraterone sábà máa ń borí enzalutamide náà.

Nígbà mìíràn, ìwọ̀n oògùn àti bí a ṣe ń lò ó ló yẹ ká yí, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Abiraterone 1,000 mg ni wọ́n ní ká máa lò lójúmọ́, kí inú sì ṣófo, nítorí oúnjẹ máa ń jẹ́ kí ara gbà á ju bó ti yẹ lọ: oúnjẹ tí ọ̀rá rẹ̀ kéré lè sọ iye tó wọ ẹ̀jẹ̀ di ìlọ́po márùn-ún, oúnjẹ ọlọ́ràá sì lè sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ní 2018, Szmulewitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọkùnrin 72: àwọn kan lo 1,000 mg pẹ̀lú inú òfìfo, àwọn kan lo 250 mg pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ tí ọ̀rá rẹ̀ kéré. PSA àwọn tó lo ìdá kan nínú mẹ́rin náà wálẹ̀ tó ti àwọn yòókù. Ìwádìí kékeré ni, kò wo ẹ̀mí gígùn, ṣùgbọ́n owó tó ń dá padà sápò aláìsàn kò kéré. Àmọ́ ó níbi tí ọgbọ́n yìí ti lè di ewu. Ẹni tó fi ògì àti mọ́ínmọ́ín tí epo rẹ̀ mọ níwọ̀n lo 250 mg lónìí, tó wá fi àkàrà àti dùndú lò ó lọ́la, ń lo oògùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó fi oúnjẹ lo 1,000 mg sì ń fi ara rẹ̀ wéwu. Dókítà ló gbọ́dọ̀ pinnu rẹ̀, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè.

Ìsinmi láàrin ìtọ́jú náà yẹ ní yíyẹ̀ wò, torí ọ̀pọ̀ nílẹ̀ yìí ń ṣe é láìmọ̀. Ní 2012, ìwádìí kan lórí ọkùnrin 1,386 tí PSA wọn ń ròkè lẹ́yìn ìtànṣán fi hàn pé àwọn tó ń sinmi kò kú kíá ju àwọn tí kò sinmi lọ: ìdajì wọn lo ọdún 8.8, ti àwọn tí kò sinmi jẹ́ 9.1. Ní 2013, ìwádìí mìíràn lórí ọkùnrin 1,535 tí jẹjẹrẹ wọn ti tàn ká rí ọdún 5.1 fún àwọn tó sinmi àti 5.8 fún àwọn tí kò sinmi, kò sì ṣeé ṣe láti sọ pé ìsinmi kò pa wọ́n lára. Nítorí náà, ìsinmi tí dókítà là sílẹ̀, tí PSA ń ṣọ́, fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò tíì wọ eegun, ìtọ́jú ni. Èyí tí àìlówó mú wá fún ẹni tí àìsàn ti wọ eegun rẹ̀, òfò ni, bí a tilẹ̀ ń pè é ní ìsinmi.

Àwọn kan yóò ní gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jẹ́ ti àwọn olówó, pé ẹni tí kò rí owó abẹ́rẹ́ kan rà kò ní oògùn láti pààrọ̀. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, n kò sì ní fojú fò ó. Ṣùgbọ́n tálákà gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù, torí òun ni àìsí owó ń pààrọ̀ oògùn rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń fò lóṣù méjì-méjì, pípààrọ̀ tó lóòótọ́ jù lè jẹ́ iṣẹ́ abẹ kóró ẹpọ̀n. Kò sí ọkùnrin tó fẹ́ gbọ́ pé a ó tẹ òun lọ́dàá. Síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni owó rẹ̀, testosterone ń sọ̀ kalẹ̀ láàrin ọjọ́ kan, kò sì sí ìròkè tí abẹ́rẹ́ máa ń kọ́kọ́ fà. Nínú ìwádìí Keating, a kò rí àlékún àrùn ọkàn lára àwọn tí wọ́n ṣe é fún bí a ti rí i lára àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́. Oníṣẹ́ abẹ tún lè fa inú kóró náà yọ kó fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀, kí àpò náà má ṣófo. Kò ní gba ooru òjijì tàbí eegun tó ń fúyẹ́ kúrò, kò sì ṣeé dá padà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi àìlówó ti aláìsàn sínú rẹ̀. Kí a ṣàlàyé fún un, kí ó lọ sùn lé e.

Àtakò kejì ni pé dókítà ń bẹ̀rù: bí oògùn bá ń ṣiṣẹ́, kí ló dé tí a ó fi fọwọ́ kàn án? Ìbẹ̀rù tó tọ́ ni fún ẹni tó ń lọ láti oògùn alágbára sí èyí tí kò lágbára, bí ẹni tó kúrò lórí abẹ́rẹ́ bọ́ sórí bicalutamide nìkan nígbà tí jẹjẹrẹ ti tàn ká. Fún àwọn tí agbára wọn dọ́gba, oògùn tí aláìsàn kò lò kò lágbára kankan. Ẹ̀kẹta ni pé ìwádìí wọ̀nyí kò ní ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú nínú. Bẹ́ẹ̀ ni, àbùkù gidi sì ni. Ìwádìí Abi-Race ní Amẹ́ríkà, tó kó àádọ́ta dúdú àti àádọ́ta funfun jọ lórí abiraterone, rí i pé PSA àwọn dúdú tilẹ̀ wálẹ̀ jù, kò sì sí ẹ̀rí pé oògùn náà kò bá wa mu. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Folakemi Odedina àti ẹgbẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ pròsítéètì CaPTC ti ń ṣe láti 2005, tí wọ́n ń so àwọn onímọ̀ Nàìjíríà pọ̀ mọ́ ti Amẹ́ríkà, ni irú ìdáhùn tó yẹ: ká wọ inú ìwádìí, ká má kàn kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó wá ṣẹ́ kù ni pé kí ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí a ń sọ ní gbangba nínú kílíníìkì. Ọ̀pọ̀ bàbá kò ní dárúkọ agbára ọkùnrin tó lọ àfi bí dókítà bá kọ́kọ́ béèrè, wọn kò sì ní dárúkọ àgbo tí wọ́n ń mu, bẹ́ẹ̀ àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè da iṣẹ́ oògùn àti ti ẹ̀dọ̀ rú. Nítorí náà, kí gbogbo ilé ìwòsàn, láti General Hospital Gbàgádà dé LUTH, máa béèrè ní gbogbo ìgbà tí aláìsàn bá wá: oorun ńkọ́, ooru ńkọ́, ìyàwó ńkọ́, àgbo ńkọ́? Ṣáájú pípààrọ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n wọn PSA, testosterone, ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti potassium, kí wọ́n sì kọ ìdí tí wọ́n fi pààrọ̀ sínú fáìlì. Òfin NHIA ti 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti fi bicalutamide, leuprorelin àti abiraterone sínú àkójọ àwọn oògùn tí kò yẹ kó wọ́n orílẹ̀-èdè kankan. Bí adójútòfò bá ń san owó oògùn kan ṣoṣo, kò sí ohun tí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ó kéré tán, kí ó máa san ti méjì tó ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣiṣẹ́. Bàbá tó bá sì ní ìnira, kí ó gbé e lọ bá dókítà kó tó dá oògùn dúró, torí ìnira tí a sọ ní ohun tí a lè ṣe sí i, èyí tí a fi pamọ́ ni jẹjẹrẹ ń gùn padà wá.